Iná Kékeré Tí Ń Bẹ Ní Ìdí Ìbọn

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá fún wa, orúkọ àwọn balógun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. A ó gbọ́ nípa Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, a ó gbọ́ nípa Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, a ó sì gbọ́ nípa Ààrẹ Látòósà tí ó kó ogun Ìbàdàn jáde. Bí ìtàn náà bá gùn díẹ̀, a ó gbọ́ nípa ìbọn, ẹ̀tù àti ọta. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò sọ fún wa nípa ohun tí ń tan iná fún ẹ̀tù náà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀tù kì í ṣàdédé gbiná, ọta kì í sì í ṣàdédé jáde ní ẹnu ìbọn. Ohun kékeré kan ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iná wá, ohun tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Èrò mi sì ni pé ohun kékeré yìí ni ó pinnu irú ìbọn tí ó lè wà lọ́wọ́ àwọn baba wa, àti ẹni tí wọn yóò máa wo ojú rẹ̀ kí ìbọn náà tó lè dún.

Ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí ń dé ọwọ́ onírúurú ènìyàn. Ó ń dé ọwọ́ àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ oko àti àdúgbò wa ní òru, ó sì ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn láyè láti ní ìbọn, àní láti máa di kátíríìjì fúnra wọn nínú ilé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kan àwọn méjèèjì, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó pa wọ́n pọ̀.

Ìbọn tí àwọn baba wa mọ̀ jù ni ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí a ń ki láti ẹnu. Orúkọ àwọn ará Denmark ni àwọn Òyìnbó fi ń pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tí ń kó irú rẹ̀ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí yóò yìn ín yóò da ẹ̀tù sí i ní ẹnu, yóò fi ọ̀pá ki í, yóò fi ọta lé e, yóò sì fi akísà tàbí ohun gbígbẹ mìíràn dí i kí ó má baà dà jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tí ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn, níbi tí ihò tóóró kan ti wọ inú lọ. Apátí ìbọn, tí ó di òkúta ìṣáná mú ní ẹnu, ni yóò ṣubú lu irin. Ìpẹ́pẹ́ iná yóò ta sínú àwo, ẹ̀tù inú àwo yóò gbiná, iná yóò gba inú ihò wọlé, ìgbà náà ni ìbọn yóò tó dún.

Ẹ wo iye ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́. Òjò lè rọ̀ sínú àwo. Afẹ́fẹ́ lè gbá ẹ̀tù inú rẹ̀ dànù. Òkúta lè ti kú ní ẹnu, kí ó máa lu irin láìta iná. Ihò tóóró nì lè dí, kí ẹ̀tù inú àwo jó tán láìjẹ́ pé iná dé inú. Àní bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ déédéé, àkókò díẹ̀ bíńtín ni ó máa ń wà láàrin ìgbà tí àwo bá kọ mọ̀nà àti ìgbà tí ọta bá jáde, ẹran tí ojú rẹ̀ mú yóò sì ti fò kúrò níbi tí ó wà. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi òwe náà kọ́ wa, ṣùgbọ́n a rí i nínú rẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n mọ ibi tí ẹ̀mí ìbọn wà.

Òkúta ìṣáná náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ní ìlú Brandon, ní ẹkùn Suffolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn kan wà tí iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran jẹ́ láti máa gé irú òkúta bẹ́ẹ̀ fún ìbọn. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Òyìnbó fúnra wọn ti pa ìbọn olókùúta tì, àwọn ará Brandon kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, nítorí pé Áfíríkà ṣì ń rà á, wọ́n sì ń gé e títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Síbẹ̀, irú ìbọn yìí kò fi àwọn baba wa lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pátápátá. Òkúta kan lè yìnbọn lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó kú. Alágbẹ̀dẹ ìlú lè tún apátí ṣe, ó lè rọ ọta láti inú irin ògbólógbòó, bí ọ̀nà Èkó bá sì dí fún oṣù mẹ́ta, ogun kò ní tìtorí òkúta túká.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ yí ọ̀ràn yìí padà kì í ṣe ológun, kì í sì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Àlùfáà ni. Orúkọ rẹ̀ ni Alexander John Forsyth, ó sì ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Belhelvie, nítòsí Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland. Ó fẹ́ràn láti máa ta ẹyẹ odò. Ohun tí ó ń bí i nínú ni pé bí àwo ìbọn bá ti kọ mọ̀nà báyìí, àwọn ẹyẹ náà yóò ti rí i, wọn yóò sì ti rì sínú omi tàbí fò lọ kí ọta tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wá ń ronú bí iná yóò ṣe máa ṣẹ́ nínú, níbi tí ẹyẹ kò ti ní rí i.

Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1800, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Edward Howard ti kéde irú lúúlúú kan tí a ṣe láti inú mẹ́kúrì. Lúúlúú yìí kò bìkítà fún òkúta ìṣáná rárá. Bí a bá sáà ti lù ú, yóò bú gbàmù. Ó bú mọ́ Howard fúnra rẹ̀ lójú níbi tí ó ti ń dán an wò, ó sì pa á lára. Kò sí ẹni tí ó lè fi í dípò ẹ̀tù, nítorí pé ìbọn ni yóò fọ́ dípò kí ọta jáde. Ọgbọ́n Forsyth ni pé kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dípò ẹ̀tù, díẹ̀ bíńtín ni ó lò láti fi tan iná fún ẹ̀tù. Ní 1806 ìjọba pè é wá sí Ilé-Ìṣọ́ London láti wá ṣiṣẹ́ náà fún àwọn ológun. Nígbà tí ọ̀gá mìíràn gba ipò olórí ohun ìjà, ó ní kí àlùfáà náà kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Forsyth kó ẹrù rẹ̀, ó sì gba ìwé-àṣẹ fún ọgbọ́n rẹ̀ ní 1807. Ọdún mẹ́rìnlá ni kò fi gba ẹlòmíràn láyè láti lò ó. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀ ní Belhelvie, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1843.

Àwọn mìíràn gba ọgbọ́n náà lọ síwájú. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe kápù pọ̀ púpọ̀, mo sì rò pé a kò ní lè parí ìjà náà fún wọn. Ṣùgbọ́n Joshua Shaw, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ ń gbé Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1822. Fìlà ni ìtumọ̀ kápù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé fìlà bàbà kékeré ni, tí a rẹ́ lúúlúú díẹ̀ mọ́ nínú, tí a ń dé sórí ọmú irin kan ní ìdí ìbọn. Apátí yóò ṣubú lù ú, iná yóò gba inú ọmú wọlé. Àwo kò sí mọ́, òkúta kò sí mọ́, òjò kò sì ríbi dí i lọ́wọ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ní 1834 àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì dán méjèèjì wò ní Woolwich. Wọ́n mú ìbọn olókùúta mẹ́fà àti ìbọn oníkápù mẹ́fà, wọ́n sì yìn wọ́n ní ìgbà 6,000 lọ́tùn-ún, ìgbà 6,000 lósì. Ìbọn olókùúta kọ̀ láti dún ní ìgbà 922. Ìbọn oníkápù kọ̀ ní ìgbà 36 péré. Bí a bá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò yìí, wọn yóò rí i pé ẹyọ kan nínú mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ó kọ̀ ní apá kan, tí ó sì jẹ́ ẹyọ kan nínú 166 ní apá kejì. Ẹni tí ẹkùn tàbí ọ̀tá ń bọ̀ wá bá kò nílò olùkọ́ láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ìyípadà tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe pàtàkì jù sí ìtàn ilẹ̀ wa. Wọ́n gbé kápù kúrò lára ìbọn, wọ́n fi í sí ìdí ọta. Wọ́n ṣe ike idẹ kan, wọ́n da ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n fi ọta dí i lẹ́nu, wọ́n sì tẹ kápù mọ́ ọn ní ìdí, ohun gbogbo sì di ọ̀kan ṣoṣo. Èyí ni kátíríìjì. Kápù ìdí rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní primer. N óò máa pè é ní kápù, nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ọdún kan náà, 1866, ni àwọn ológun méjì ṣe oríṣi kápù méjì tí gbogbo ayé ṣì ń lò títí di òní. Ọ̀kan ni Edward Boxer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń ṣe olórí ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich. Èkejì ni Hiram Berdan, ará Amẹ́ríkà, tí ó ti kó àwọn atamátàsé jagun nínú ogun abẹ́lé wọn. Kí a tó mọ ìyàtọ̀ wọn, kí a rántí bí alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe. Kò tó pé kí ó ní ohun tí yóò fi lu irin, ó gbọ́dọ̀ ní owú tí yóò gbé e lé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kápù: abẹ́rẹ́ ìbọn yóò lù ú láti ẹ̀yìn, owú kékeré kan gbọ́dọ̀ wà ní iwájú rẹ̀ tí lúúlúú yóò fún mọ́ kí ó tó lè ṣẹ́ná. Boxer fi owú yìí sínú kápù fúnra rẹ̀, ihò kan ṣoṣo ní àárín ni iná sì ń gbà wọ inú kátíríìjì rẹ̀. Berdan sọ owú di ara ike idẹ, ó sì dá ihò kéékèèké méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbà, tí àwọn ológun ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ti ará Amẹ́ríkà.

Fún ìbọn Snider ni Boxer ṣe kátíríìjì tirẹ̀. Àwọn ìbọn àkì-lẹ́nu ògbólógbòó tí ó wà nílẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gé ní ìdí, tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin kékeré sí, kí a lè máa ti ẹ̀yìn fi kátíríìjì sí i. Ọmọ-ogun tí ó mọ iṣẹ́ lè fi ṣakabùlà yìn ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ní Snider lè yìn tó ìgbà mẹ́wàá. Kò sì sí ìdí tí yóò fi nàró, nítorí pé a lè dùbúlẹ̀ sínú kòtò kí a sì ki í níbẹ̀.

Ní 1877 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ìgbájọ ni àwọn Ìbàdàn fi ṣe ibùdó, Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ògèdèǹgbé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà. Kírìjì ni gbogbo ènìyàn ń pe ogun náà, Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó bá wọn ṣe oníṣẹ́ àlàáfíà, sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìró ìbọn ni ó fún un ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, àwọn Ìbàdàn tí ogun ti mọ́ lára sì ń tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí ó ti oko ẹrú padà wálé, ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé gba ọ̀nà Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù láti ìlú òkèèrè, ẹ rí i pé iṣẹ́ yín ti pẹ́. Nígbà tí ìbọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní òkè Ìmẹ̀sí, àwọn Ìbàdàn kú púpọ̀, wọ́n sì ní láti wa kòtò wọnú ilẹ̀. Kò sí apá kan tí ó tún lè lé ìkejì lọ mọ́. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án 1886, títí di 1893 kí ibùdó méjèèjì tó túká.

Àwọn tí ó ti sọ ìtàn ogun yìí máa ń yin Snider, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí kátíríìjì rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀ṣà tí ó já fáfá jù lọ lè yọ́ òjé kí ó sì rọ ọta. Bí ìlẹ̀kùn irin ara ìbọn bá ṣẹ́, ó lè gbìyànjú láti rọ òmíràn. Kápù nìkan ni kò sí ọwọ́ tàbí ewìrì tí ó lè rọ ọ́. Àwọn tí ó mọ àpòpọ̀ kẹ́míkà ni ó ń ṣe é, nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wọn ọ́n. Kátíríìjì Boxer ìgbà náà tilẹ̀ jẹ́ idẹ fẹ́lẹ́ tí a ká bí ìwé, kì í ṣe èyí tí a lè tún dì nígbà kejì bí a bá ti yìn ín tán. Nítorí náà gbogbo ìró ìbọn tí ó bá dún ní òkè Ìmẹ̀sí ti jẹ gbèsè sí Èkó, Èkó sì ti jẹ gbèsè sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun olókùúta lè dúró dé ìgbà tí ọ̀nà yóò là. Ogun oníkátíríìjì kò lè dúró: ọjọ́ tí kátíríìjì bá tán, Snider di kùmọ̀. Mo rò pé èyí wà nínú ohun tí ó mú kí ọ̀nà etíkun di ohun tí gbogbo ìlú ń du ní ìgbà náà, tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ gómìnà Èkó máa wúwo sí i lójoojúmọ́.

Àwọn Òyìnbó mọ èyí dáadáa. Ní oṣù keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa rẹ́, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà fi òfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì wọ ibi tí ó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 ní apá àríwá ìlà ìdajì-ayé títí dé ìwọ̀n 22 ní apá gúúsù rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà láyè ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán, àti ẹ̀tù lásán. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ológun Èkó gbé ìbọn Maxim lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti parí.

Ìdí nìyí tí ṣakabùlà kò fi kú ní ilẹ̀ wa nígbà tí ó ti kú ní ilẹ̀ àwọn tí ó ṣe é. Àwọn kan máa ń rò pé àìlajú àwọn ọdẹ ni, tàbí pé wọ́n kàn fẹ́ràn ohun àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni ó dá wọn dúró sí ìdí òkúta, lẹ́yìn náà sí ìdí kápù. Nígbà tí a ṣe òfin ìbọn ti Nàìjíríà ní 1959, ó ya ìbọn àkì-lẹ́nu sọ́tọ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì dárúkọ mẹ́ta: ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò mọ̀ pé ojú ìwé àdéhùn Brussels ni òfin náà ṣì ń wò.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn ọdẹ lórí ohun tí kápù ń fi sílẹ̀. Fún ọdún gbọgbọrọ, irú iyọ̀ kan tí a ń pè ní potassium chlorate ni a ń fi sínú àpòpọ̀ kápù. Bí ó bá ti jó, irú iyọ̀ mìíràn ni yóò kù sínú ìbọn, ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ọbẹ̀ ti ń ṣe ní ìgbà òjò. Irin yóò sì dógùn-ún. Epo kò lè tú u, omi ni ó ń tú u. Nítorí náà àwọn àgbà ọdẹ tí ń fi omi gbígbóná fọ ìbọn, tí wọ́n ń nù ún gbẹ, kí wọ́n tó fi epo pa á, ìmọ̀ tí ó péye ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ́ wọn ní orúkọ iyọ̀ náà. Mẹ́kúrì ní àbùkù tirẹ̀: ó ń mú kí ike idẹ máa fọ́ bí èèpo ẹyin, tí a kò fi lè tún un lò. Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kápù tí kì í ba irin jẹ́, tí a fi àpòpọ̀ tí ó ní òjé nínú ṣe. Òjé náà kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan kápù tí a ti yìn, kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó sọ títún kátíríìjì dì nínú ilé di iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọdẹ tí ń pa ẹfọ̀n ní pápá ńlá wọn láyé àtijọ́ jìnnà sí ọjà, ike idẹ sì wọ́n. Nígbà tí ó di 1884, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Barlow dá ilé-iṣẹ́ Ideal sílẹ̀, ó sì ń ta ohun èlò kan bí ẹ̀mú tí ẹnikẹ́ni lè fi dì í lórí tábìlì. Kápù Boxer ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe: nítorí pé ihò kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ike náà, abẹ́rẹ́ tín-ínrín kan yóò gba inú rẹ̀ ti kápù tí ó ti jó jáde, a ó sì tẹ titun sí i. Ti Berdan kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé owú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ní 1951 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Cascade Cartridge sílẹ̀ ní ìlú Lewiston ní ìpínlẹ̀ Idaho, kápù fún irú àwọn adìta-nílé bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọ wa kan níbẹ̀ ti ń ṣe é. Kí wọ́n má ṣe rò pé kápù kan ni gbogbo kápù. Ìwọ̀n fífẹ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀, kékeré tí ó jẹ́ ìdá 175 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, àti ńlá tí ó jẹ́ ìdá 210. Ṣùgbọ́n ti ìbọn gígùn àti ti ìbọn ìléwọ́ lè fẹ̀ bákan náà kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀kan. Kápù ńlá ti ìbọn gígùn ga ju ti ìléwọ́ lọ, bí a bá sì fi í sí ìdí kátíríìjì ìléwọ́, yóò yọrí síta. Awọ kápù ìléwọ́ fẹ́lẹ́, nítorí pé abẹ́rẹ́ ìbọn ìléwọ́ kì í fi agbára púpọ̀ lù ú. Bí a bá gbé e sínú ìbọn gígùn, iná lè dá a lu kí ó sì ta sẹ́yìn sí ojú ẹni tí ó yìn ín. Àwọn kan wà tí iná wọn le ju ti yòókù lọ, fún ẹ̀tù tí ó pọ̀ tàbí tí kò tètè gbiná. Nítorí náà ẹni tí ó bá pààrọ̀ kápù, bí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà, gbọ́dọ̀ padà sí ìwọ̀n ẹ̀tù tí ó kéré jù nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, kí ó sì ti ibẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀.

Èyí tí ó ń pa ènìyàn lára láìròtẹ́lẹ̀ ni kápù tí kò wọlé tán. Kápù gbọ́dọ̀ wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú ìdí kátíríìjì. Bí a bá fi ọmọ-ìka kọjá lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọ́ ni lọ́wọ́. Nínú àwọn ìbọn tí ń ki ara wọn, bí Garand tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì, abẹ́rẹ́ wọn kò ní ohun tí ó dá a dúró, ó sì máa ń sún síwájú fọwọ́ kan kápù nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé. Bí kápù bá yọrí tàbí tí awọ rẹ̀ bá rọ̀ jù, ìbọn lè dún kí ọwọ́ tó kan ohun tí a ń fà. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣe irú kápù tí awọ rẹ̀ le fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sì ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ torí owó ra òmíràn. Inú páálí tí ilé-iṣẹ́ kó kápù sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ihò tirẹ̀, ni kí ó máa wà. Ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ sínú ìgò ti ṣe bọ́m̀bù, nítorí pé bí ọ̀kan bá ṣẹ́, gbogbo wọn ni yóò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí òfin gbà níbẹ̀ yẹn, òfin kò gbà á nílé. Òfin 1959 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ọta ìbọn nínú ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé ohun ìjà ìjọba nìkan ni ó fi iṣẹ́ náà sí. Bí ọdún ìlú sì ti ń súnmọ́lé, tí olúkúlùkù ń di ẹrù, inú rere lè sún ọmọ kan láti fi páálí kápù méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀ fún baba rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ. Kátíríìjì odindi, wọ́n lè gbà á nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà bí a bá dì í bí òfin ti wí. Kápù àti ẹ̀tù, wọn kò gbà á rárá, ìbáà ṣe lọ́wọ́, ìbáà ṣe nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Kí ó ra bàtà oko fún bàbá, kí ó sì ra iná ìwolẹ̀ tí a ń so mọ́ orí. Ọdẹ yóò lo méjèèjì ní òru ọjọ́ tí wọ́n bá dé.